Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbà gbọ́ kí wọ́n tó rí i

Lónìí, ìtàn ìlérí kan la mú wá, tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tí ń ṣe processeur, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ti serveur la ń sọ, àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí báńkì fi ń tọ́jú ìṣirò owó, tí Facebook náà fi ń gbé ọ̀rọ̀ wa yìí dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, Intel àti Hewlett-Packard kéde pé àwọn yóò jọ ṣe ọpọlọ tuntun kan. Lọ́dún 1999 ni wọ́n sọ ọ́ ní Itanium. Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyí: kàkà kí ọpọlọ fúnra rẹ̀ máa wá iṣẹ́ tí òun lè ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ètò tó ń tú ọ̀rọ̀ sí èdè ẹ̀rọ ni yóò ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni kò rí nǹkan kan dì mú, torí ẹ̀rọ kò tíì sí. Ìṣirò àwọn tó fẹ́ tà á ló wà nílẹ̀.

Síbẹ̀, wọ́n gbà á gbọ́. Ibi tó dùn wá jù nìyí. Iléeṣẹ́ Digital ní ọpọlọ tirẹ̀, Alpha, tó jáde lọ́dún 1992, tó sì wà lára àwọn tó yára jù láyé nígbà náà. Compaq ra Digital lọ́dún 1998. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2001, Compaq ní òun ń fi Alpha sílẹ̀, Itanium lòun yóò máa lò. Itanium àkọ́kọ́ ò tíì pé oṣù méjì lọ́jà! Ó pẹ́ kó tó dé, kò sì yára tó bí wọ́n ṣe wí. Ẹ ò rí i pé ìlérí ló pa Alpha.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, AMD, tó kéré sí Intel púpọ̀, gbé Opteron jáde. Ó ń ṣe ètò àtijọ́, ó ń ṣe tuntun. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Intel fúnra rẹ̀ mú ọ̀nà yẹn sínú Xeon rẹ̀.

Ẹnu AMD náà wá gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, ó ní Barcelona tí òun ń ṣe lọ́wọ́ yóò fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ju ti Intel lọ. Oṣù kẹsàn-án ló jáde. Kò yára tó bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀ tó lè dá ẹ̀rọ dúró. Ó di ọdún 2008 kí èyí tí wọ́n tún ṣe tó dé.

Ẹni tó bá ra ìpín iléeṣẹ́, ohun tí ọjà bá gbà gbọ́ lójú ọjọ́ ló ń sọ iye owó rẹ̀. Kì í ṣe olówó nìkan ló ń rà á o; owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ bíi tiwa wà níbẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 2015, ìpín AMD kan ti já wálẹ̀, kò tó dọ́là méjì. Nígbà tó gbé EPYC jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2017, tó tún ń ka bó ṣe ju ti Intel lọ, ọ̀pọ̀ ló fà sẹ́yìn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ra ẹ̀rọ náà dán an wò fúnra wọn, ó sì ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà sórí Intel. Ní oṣù keje ọdún 2020, ó jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ tuntun òun yóò tún pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìpín rẹ̀ já ní nǹkan bí ìdá 16 nínú 100. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Itanium ìkẹyìn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín wa, ta ló ti fọwọ́ kan Alpha rí? Ẹ bá wa sọ ọ́ nísàlẹ̀.