Ta Ni Ẹ̀rọ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ìtàn Ohun Èlò Ìkọ́ni ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fi sọ́kàn. Èkíní ni pé ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sọ́nà nínú iṣẹ́ olùkọ́. Èkejì ni pé ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an, Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ti ń lò ní ìlú náà láti 1854. Ẹ̀rọ kì í dá ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni wọ́n kọ́ bí a ti ń to lẹ́tà òjé sí ìlà, bí a ti ń fi tàdáwà kùn ún, àti bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nígbà náà, ni iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń gbé àdúgbò kan náà. Ohun kan náà ni ó sì lé àwọn méjèèjì kúrò: ní 1867, rògbòdìyàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé lé àwọn òyìnbó jáde, Ìwé Ìròhìn dákẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì kó lọ sí Èkó. Ó di 1896 kí ó tó fìdí kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti di St. Andrew's College.

Ìbéèrè kan ni ìtàn yìí gbé kalẹ̀, kò sì tíì yí padà láti ìgbà náà: nígbà tí ohun èlò tuntun bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ta ni a fi í lé lọ́wọ́? Ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í jókòó gbọ́ àsọyé nípa ẹwìrì. Ẹwìrì ni ọ̀gá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì ti kùnà nígbà mìíràn.

Ìgbà tí ó ṣe é dáadáa jù lọ ni ìgbà pátákó dúdú. Ní Ọ̀yọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1897, àti ní ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905, pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti síléètì ni ọba ohun èlò. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé kò sí ohun kíkọ́ nínú wọn. Ohun kíkọ́ pọ̀ níbẹ̀. A ń kọ́ bí a ti ń kọ̀wé gbọọrọ láìjẹ́ kí ìlà wọ́. Bí a ti ń dúró gba ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀yìn olùkọ́ má baà bo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ. Bí a ti ń nu pátákó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ kí eruku má baà fọ́n sí àwọn ọmọ lójú. Nígbà tí pátákó bá sì ṣá, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò pa á láró: yóò gún èédú, tàbí dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí ó ti kú, pọ̀ mọ́ ewé tútù, yóò fi kùn ún, yóò sì jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tí olùkọ́ lè tún ṣe fúnra rẹ̀ kì í di òkú ẹrù.

Bákan náà ni àwọn ohun èlò mìíràn. Ọwọ̀ ìgbálẹ̀ tí a ṣẹ́ wẹ́wẹ́, tí a dì ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ni ọmọ fi ń mọ ẹyọ àti ẹ̀wá. Kóró àgbálùmọ̀ àti ìdérí ìgò di owó nínú eré ọjà. Páálí ọṣẹ di káàdì lẹ́tà. Amọ̀ odò di ilé àti ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí ó bá kan ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní T.P., àwòrán kan kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri láìjẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ fi kọ́ni ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò sùn ní òru ọjọ́ tí alábòójútó yóò wá ní òwúrọ̀ rẹ̀. Wàhálà ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà wọ inú ọwọ́, kì í ṣe inú ìwé àkọsílẹ̀ nìkan.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní 1955. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà fò láti bí 457,000 ní 1954 sí bí 811,000 láàrin ọdún kan. Olùkọ́ kò tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rí kò sì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn aláṣẹ ń wò yíká bóyá ẹ̀rọ lè ran ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán W.N.T.V. bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá 1959, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ Ìwé Ìròhìn, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára ohun tí ìjọba sọ pé òun fẹ́ fi ṣe. Rédíò ti ṣáájú rẹ̀. Àwọn Yorùbá ti fún rédíò ní orúkọ tí ó ju ti òyìnbó lọ ní òye: asọ̀rọ̀mágbèsì. Nínú orúkọ yìí ni àléébù rẹ̀ nínú kíláàsì wà. Ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀, kò sì lè gbọ́ ọmọ tí ó dáhùn. Ẹnìkan ní láti wà nínú yàrá tí yóò gba èsì náà, tí yóò sọ fún àwọn ọmọ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọn yóò tẹ́tí sí, tí yóò sì bi wọ́n léèrè nígbà tí ó bá parí. Iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn, iṣẹ́ tí a ní láti kọ́ ni, a kò sì kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà náà ní i.

Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ó jábọ̀ ní 1960, ni ó mú kí ìpele olùkọ́ tuntun dé. Ní 1962 ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Zaria. Owerri àti Oǹdó kò pẹ́ tẹ̀lé wọn, ti Kwara sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin ní 1974. Ìwé-ẹ̀rí N.C.E. ni wọ́n ń gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní àsìkò yìí kan náà, ní 1963, Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí ó wá di apá kan ẹ̀kọ́ N.C.E.: ìkọ́ni ránpẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ọgbọ́n ìkọ́ni kan ṣoṣo ni yóò sì dojú kọ, bóyá bí a ti ń béèrè ìbéèrè, bóyá bí a ti ń parí ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ yóò ká a sílẹ̀. Yóò wo ara rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ yóò tọ́ka sí àṣìṣe, yóò sì padà lọ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọkàn ọ̀nà yìí ni wíwo ara ẹni. Ẹni tí kò rí ara rẹ̀ rí kò ní gbà pé òun ń kọjú sí pátákó bá a sọ̀rọ̀, tàbí pé ọmọ kan ṣoṣo ní iwájú ni òun ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkọ́ni ránpẹ́ dé ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ọ̀pọ̀ ibi kámẹ́rà kò bá a dé, tàbí ó dé, ó bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wá ń fi bírò àti tákàdá gba máàkì sílẹ̀ fún ara wọn. Ó sàn ju asán lọ. Síbẹ̀, ohun tí ẹlẹgbẹ́ sọ pé o ṣe, o lè bá a jiyàn. Ohun tí ojú rẹ rí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gbá mú ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni. Ìwé tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde lórí ìjálá ní 1966 ti fi han gbogbo ayé ohun tí a lè rí bí a bá jókòó ti ọdẹ tí a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ àpilẹ̀kọ lórí rárà, ẹkún ìyàwó tàbí oríkì orílẹ̀ yóò yá ẹ̀rọ, yóò ra bátìrì, yóò sì wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé. Ó ń kọ́ bí a ti ń gbé ẹ̀rọ kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, bí a ti ń dákẹ́ kí apohùn parí ọ̀rọ̀, àti bí a ti ń tẹ́tí sí gbólóhùn kan nígbà mẹ́wàá kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ìmọ̀-ẹ̀rọ ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan náà, bí a bá gbé e wọ kíláàsì, ni ọmọ ìlú ńlá tí kò gbọ́ ìjálá rí yóò fi gbọ́ ọ.

Èdè pàápàá wà lára ohun èlò. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ sì ní láti kọ ìwé fúnra wọn nítorí pé kò sí èyí tí wọn yóò rà lọ́jà.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, àwọn ìwé òfin pọ̀. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, lọ́dún kan lẹ́yìn tí ètò U.P.E. bẹ̀rẹ̀, ibùdó ìmọ̀-ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, ìlànà lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà dé ní 1988, àjọ N.C.C.E. tí ń ṣàkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ dé ní 1989. Gbogbo wọn ni ó dára lójú ìwé. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, yàrá kan wà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ojú fèrèsé wo ẹ̀rọ tí ó bo eruku nínú rẹ̀, tí a sì ń bi í nínú ìdánwò pé kí ó dárúkọ ìwúlò márùn-ún tí ẹ̀rọ náà ní.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù fún ẹ̀ka Yorùbá ni ti ẹ̀rọ ìkọ̀wé. Tàípúráítà tí ó wọ́pọ̀ kò ní ẹ, ọ àti ṣ, kò sì ní àmì ohùn. Akọ̀wé yóò tẹ ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò, olùkọ́ yóò sì gba stencil lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa àmì kọ̀ọ̀kan sí i kí ó tó lọ sínú ẹ̀rọ Gestetner. Bí ó bá tẹ ọwọ́ jù, stencil a ya. Bí ọjọ́ ìdánwò bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a fi àmì sílẹ̀ pátápátá. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe sí gbólóhùn bí “Oko re wa”? Ọkọ rẹ wá ni, àbí ọkọ̀ rẹ wà? Oko rẹ ni, àbí ọkọ́ rẹ?

Kọ̀ǹpútà bá ìṣòro yìí nílẹ̀, kò sì mú un kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò Unicode, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991 láti fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà, wá ní ẹ àti ọ nínú, nítorí pé èdè Vietnam náà ń lo irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà odindi. A ní láti gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí lọ́tọ̀, ìdí sì nìyẹn tí àmì fi máa ń ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ bí a bá yí irú lẹ́tà padà. Ilé-iṣẹ́ Alt-i tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó ṣe àtẹ ìtẹ̀wé fún Yorùbá. Àwọn mìíràn ti tẹ̀lé e, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá rí ìwé Yorùbá tí kò ní àmì lónìí, kì í ṣe pé ẹ̀rọ kọ̀. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ni a kò kọ́, tàbí tí kò fẹ́ kọ́. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ olùkọ́ Yorùbá, ogójì ọmọ lè jókòó síwájú rẹ̀ kí wọ́n má mọ̀ pé àmì ohùn wà.

Ní oṣù Kẹta 2020, àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ sáré padà sídìí rédíò àti amóhùnmáwòrán, olùkọ́ sì bá ara rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn láìsí ọmọ kan nítòsí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti padà dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú àléébù rẹ̀ àtijọ́. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ohun tí ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ N.C.E. Nínú fóònù kan ṣoṣo ni kámẹ́rà tí ìkọ́ni ránpẹ́ ń retí láti ọjọ́ yìí wà, àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí a ń yá lọ sí abúlé, àti àtẹ ìtẹ̀wé tí ó ní gbogbo àmì. Kò sí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé e lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, kí ó kọ́ni fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sì wo ara rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.