Ta Ni Ó Kọ́ Sunny Adé ní Gìtá?

Àwọn kan kò yé sọ ọ́ pé Ọba Sunny Adé ta orin jùjú fún òyìnbó. Ẹni tí yóò bá dá ẹjọ́ yìí, gìtá ni kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí.

Ọ̀ṣogbo ni a ti bí i ní ọdún 1946, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba Oǹdó. Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá, Baba Sàlá tí gbogbo wa mọ̀ sí aláwàdà, ni ó ti ṣiṣẹ́ orin nígbà èwe, nínú ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies tí í kọ orin háíláìfù. Nígbà tí ó dá dúró ní ìparí àwọn ọdún 1960, Green Spots ni ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Blue Spots ni ti I.K. Dáíró, ìbà ni ọmọ ń jú fún àgbà. Ní ti ohùn tínrín tí ń lọ sókè, Túndé Nightingale ni àwòkọ́ṣe rẹ̀.

Àwọn gìtá rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn jà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan di gbólóhùn kúkúrú tirẹ̀ mú, bí gúdúgúdú àti kẹríkẹrì ti í ṣe lẹ́yìn ìyá ìlù. Láàárín wọn ni ó wá gbé gìtá àtẹ́lẹ̀ sí, èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta: irin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Láti Hawaii ni irú gìtá bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀, kí àwọn akọrin ìgbèríko Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di tiwọn. Síbẹ̀, kò ṣe àjèjì létí wa. Ohùn rẹ̀ ń yọ́ lọ sókè, ó ń yọ́ wá sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti dùndún nígbà tí onílù bá fún ọṣán rẹ̀.

Ní 1982, ilé iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music jáde, pẹ̀lú Martin Meissonnier, ará Faransé, gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Orin tí ì bá gba odindi ojú àwo kan di kúkúrú. Synchro System ti 1983 dé ibi ìdíje Grammy. Nínú Aura, ní 1984, Stevie Wonder fọn hàmóníkà, ẹ̀rọ sì ń bá àwọn onílù lu ìlù. Níbẹ̀ ni èmi rò pé ọwọ́ ti kọjá ààlà: onílù a máa gbọ́ ohun tí gìtá wí kí ó tó fèsì, ẹ̀rọ kì í gbọ́. Kò pẹ́ tí òun àti Island fi pínyà.

Ó padà sílé, ó ń bá orin rẹ̀ lọ. Ní 1998, ó gbé Odù jáde, àkójọ àwọn orin ìbílẹ̀ Yorùbá, Grammy sì tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.