Láti Ẹkùn-Mẹ́ran dé Iwájú: Ìtàn Tí Ó Di Eré Lọ́wọ́ Ọmọdé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àjèjì pátápátá ni géèmù orí fóònù, àti pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú ìtàn, tí wọ́n sọ ọ́ di eré fún ọmọdé. Bí a bá wo àgbàlá àwọn agbo-ilé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọmọ Yorùbá ti ń fi ìtàn ṣeré. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ó ni ìtàn, ẹni tí ó ni pápá eré, àti èdè tí eré náà ń sọ.

Àlọ́ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń jókòó gbọ́ lásán. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ọpọlọ lè jí. Bí ó bá wá kan àlọ́ àpagbè, apàlọ́ a dá orin, àwọn ọmọdé a sì gbè é. Bí wọn kò bá gbè é, àlọ́ náà kò lè lọ síwájú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sí eré òṣùpá. Ẹ wo ẹkùn-mẹ́ran. Ọmọ kan a di ẹkùn, òmíràn a di ẹran, àwọn tó kù a di ọwọ́ mú, wọn a pagbo yí ẹran ká. Ẹkùn a máa wá ibi tí yóò gbà wọlé, agbo a máa dí i. Orin ni ó ń darí eré náà, gbogbo agbo ni ó sì ń gbè. Òfin, ìdíwọ́, ewu àti àṣeyọrí tí àwọn tó ń ṣe géèmù ń wá kiri lónìí, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú eré yìí. Kò sí ọmọ tí ó lè ṣe é láìla ẹnu rẹ̀, kò sì sí ọmọ tí ó lè dá a ṣe.

Ìyípadà àkọ́kọ́ dé nígbà tí ìtàn wọ inú ìwé. Ní 1896 ni àwọn ìjọ C.M.S. dá kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Ibẹ̀ ni D. O. Fágúnwà ti kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ní 1973, Adébóyè Babalọlá kó àlọ́ Ìjàpá jọ sínú ìwé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá. Iṣẹ́ ribiribi ni èyí, nítorí ohun tí ìbá kú mọ́ àwọn àgbà nínú ni ó wá di ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè kà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ka ìwé kò ní agbo lẹ́yìn rẹ̀. Ó dá wà pẹ̀lú ìtàn náà.

Ìyípadà kejì dé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a bí ní 1921, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn bí tirẹ̀ ni kò jẹ́ kí Yorùbá di aláìnílé nínú àpótí tuntun náà. Síbẹ̀, nígbà tí NTA bẹ̀rẹ̀ Tales by Moonlight ní 1984, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pa àlọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ tí ó jókòó yí apàlọ́ ká nínú àpótí náà lè dáhùn. Ọmọ tí ó ń wò ó ní ilé kò lè dáhùn. Bí ó bá tilẹ̀ gbè orin, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni kátúùnù dé. Fún ọdún púpọ̀, ti òkèèrè nìkan ni àwọn ọmọ wa ń wò. Adamu Waziri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àbújá ṣe Bino and Fino, wọ́n sì ṣe é ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Lady Buckit and the Motley Mopsters, fíìmù kátúùnù gígùn tí Blessing Amidu gbé jáde, wọ ilé sinimá ní Nàìjíríà. Nínú oṣù kan náà ni ilé-iṣẹ́ Disney kéde pé òun yóò bá Kugali ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni méjì nínú àwọn tó dá Kugali sílẹ̀, Olúfikáyọ̀ Adéọlá àti Tolúwalàkin Olówófóyèkù. Ọmọ Uganda ni ẹnì kẹta wọn, Hamid Ibrahim. Iṣẹ́ tí ó ti inú àjọṣe náà jáde ni Iwájú, eré kátúùnù alápá mẹ́fà nípa Èkó ọjọ́ iwájú: Tọlá ọmọ olówó ní Erékùṣù, Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó mọ ẹ̀rọ, àti Otin, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí alángbá.

Ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024 ni Iwájú jáde lórí Disney+. Ní ọjọ́ náà gan-an ni géèmù tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ jáde sórí fóònù. Iwájú: Rising Chef ni orúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, ni ó sì ṣe é. Nínú géèmù náà, ọmọ a di alásè, àwọn oníbàárà a máa dé, a máa se oúnjẹ ilẹ̀ wa fún wọn kí àkókò tó tán. Disney+ kò tíì sí fún àwọn ará Nàìjíríà nígbà náà; inú oṣù kẹrin ni wọ́n tó rí eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n aláwo. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó ní fóònù lè fi ìtàn náà ṣeré kí ó tó lè wo ìtàn náà. Eré ṣíwájú àlọ́.

Kí ni kí a wá sọ sí i? Ó yẹ kí a yin àwọn tó ṣe é. Ọmọ tí ó ń dín àkàrà òyìnbó ti àwọn ẹlòmíràn nínú géèmù tẹ́lẹ̀ wá rí oúnjẹ ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni eré náà ń jẹ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe géèmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé ẹkùn-mẹ́ran. Níbẹ̀, agbo ni ó ń gba ẹran là. Níhìn-ín, ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń bá aago jà. Níbẹ̀, ẹnu ọmọ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Níhìn-ín, ìka nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Yorùbá wà ní orúkọ àti nínú ìkòkò ọbẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń darí eré náà.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà. Bí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èdè kan, tí eré ọmọdé náà kò sì sọ èdè náà mọ́, ibo ni ọmọ yóò ti gbọ́ ọ?

Ìtàn kò wọ́n wa. Orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ti tó ìtàn eré: Ògúnlọlá ọdẹ, tí ó wà ní àtìmọ́lé ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó bẹ̀bẹ̀ kí Aláàfin jẹ́ kí òun lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ ìlú lẹ́nu, tí ó sì gbé orí rẹ̀ bọ̀. Ewu wà nínú rẹ̀, ìdíwọ́ wà, àṣeyọrí wà. Nínú ìlú kan náà ni Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó mọ ìtàn ń gbé àdúgbò kan pẹ̀lú ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n jókòó pọ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ti ń wo iwájú tiwọn lórí fóònù. Ojúṣe àgbà ni láti wo ẹ̀yìn, kí ó gbé ohun tí ó bá rí níbẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ kí eré náà tún dá orin tí ọmọ yóò la ẹnu gbè ní èdè ìyá rẹ̀.