Ó Jò Ni Àbí Ó Jó? Ìtàn Fẹ́sípà Kan

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn òní. Èmi tí mo máa ń yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì ohùn, èmi kan náà ni mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì ní ọdún 2022 láìfi àmì kankan sí i: "Baba, Fesipa n jo." Kíá ni bàbá náà pè mí padà. Ó ní, "Ọmọ Tíṣà, ṣé o ti da iyẹ̀pẹ̀ sí i?" Ó rò pé iná ni ó mú ẹ̀rọ náà.

Jíjò ni mo ní lọ́kàn, pé ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú u palẹ̀, a rí i pé ó ń jò, ó sì ń jó.

Bàbá mi ni ó ni Fẹ́sípà náà. Owó Údójì, èyí tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ni ó fi rà á. Ní ìlú wa nígbà náà, ẹni tí ó bá gun Fẹ́sípà kọjá, tíṣà ni, tàbí akọ̀wé, tàbí wolé-wolé. Èdè Ítálì ni "Vespa", agbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀: agbọ́n tí ń ta ènìyàn, kì í ṣe àgbọn tí a ń jẹ, kì í sì í ṣe agbọ̀n tí a ń kó ẹrù sí. Ìdí rẹ̀ tí ó tóbi àti ìbàdí rẹ̀ tí ó tín-ín-rín ni Enrico Piaggio rí tí ó fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá kò ní ìró "v", kò sì fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn. Nítorí náà ni "v" ṣe di "f", tí fáwẹ̀lì "i" sì bọ́ sí àárín "s" àti "p". Mo máa ń lo ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì ju ọ̀rọ̀ àyálò mìíràn lọ.

Ọkọ̀ òfuurufú ni ilé iṣẹ́ Piaggio ń ṣe kí Ogun Àgbáyé Kejì tó fọ́ ilé iṣẹ́ wọn tí ó wà ní Pontedera túútúú. Nígbà tí ogun parí, Piaggio gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ tuntun fún Corradino D'Ascanio, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti ṣe hẹlikópítà ní ọdún 1930. D'Ascanio kò fẹ́ràn alùpùpù rárá. Ó ní ó nira láti gùn, ṣéènì rẹ̀ a sì máa fi ọ́ìlì ba aṣọ jẹ́. Ó yọ ṣéènì kúrò pátápátá, ó gbé ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó fi irin bò ó, ó sì di táyà iwájú mú ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń wọ agbádá funfun gun ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìsí àbàwọ́n. Irin kan náà tí ó bo ọ́ìlì mọ́ aṣọ ni kò jẹ́ kí n tètè rí ibi tí ó ti ń jò.

Irú ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Dugald Clerk, ọmọ Scotland, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní ọdún 1881. Ní ọdún 1891, Joseph Day ní ìlú Bath wá ọgbọ́n mìíràn dá: ó jẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wọ ilé kíráńkì lábẹ́ písítìnì kí wọ́n tó gòkè lọ jó. Ọgbọ́n Day yìí ni ó fa gbogbo wàhálà mi. Bí epo bá ń gba ilé kíráńkì kọjá, ọ́ìlì kò lè dúró níbẹ̀ bíi ti mọ́tò. A ní láti po ọ́ìlì mọ́ epo ni. Ẹni tí ó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" mọ ohun tí mo ń sọ. Fẹ́sípà àtijọ́ a máa gba ọ́ìlì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá méjì péré ni irú ti bàbá mi ń fẹ́, ìyẹn mílílítà 20 sí lítà epo kan. (Ẹ kíyè sí i pé epo pupa ni "epo" kí bẹntiróòlù tó gba orúkọ náà; ìyẹn ni èyí tí ń mú irin yọ̀ fi ní láti máa jẹ́ "ọ́ìlì".) Ilé jíà ní tirẹ̀ ní ọ́ìlì ọ̀tọ̀, mílílítà 250, tí kò gbọdọ̀ pàdé epo láéláé. Síìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà kékeré kan lára kíráńkì, ni ó la àwọn méjèèjì.

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀rọ náà fi wà ní ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn ikú bàbá mi. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn, ṣùgbọ́n èéfín funfun bo àdúgbò. Mẹkáníìkì ọ̀dọ́ kan wò ó, ó ní písítìnì ti tán, a ní láti gbẹ́ inú sìlíńdà. Owó tí ó pè ju iye ẹ̀rọ náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tà á fún àwọn tí ń kiri ra irin kọ́ńdẹ̀mù. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí n tó rántí bàbá tí ó máa ń tún un ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bàbá náà kò fọwọ́ kan sìlíńdà. Ó fi kẹrosíìnì fọ ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní, ó nù ún gbẹ, ó da páúdà ọmọdé sí i lára, ó wá ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ìdí nọ́ọ̀tì tí a fi ń da ọ́ìlì nù nìkan ni páúdà ti tutù. Lẹ́yìn náà ni ó tú nọ́ọ̀tì yẹn, tí ó gbe agolo mílíìkì sí i. Ọ́ìlì tí ó jáde kò tó ìdajì agolo, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó kán sílẹ̀ kò ju ìwọ̀n ṣíbí lọ.

Ó ní, "Ìyókù ńkọ́, Ọmọ Tíṣà? Kò jò. Ó jó ni."

Rọ́bà tí kò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà a máa le. Bí písítìnì bá ń gòkè, a máa fa ohun tí ó bá rí: ní ẹ̀gbẹ́ jíà, ó ń fa ọ́ìlì sínú iná, ìyẹn ni èéfín funfun. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe iná, afẹ́fẹ́ ni ó ń fà. Èyí burú jù, nítorí afẹ́fẹ́ kò ní èéfín tí yóò kìlọ̀ fún ni. Ooru yóò kàn pọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi nọ́ọ̀kì. Bí mo bá ti gbẹ́ sìlíńdà tí mo sì fi síìlì wọ̀nyẹn sílẹ̀, kò dá mi lójú pé písítìnì tuntun náà ì bá pẹ́.

Ọjọ́ méjì ni a fi ṣe é. A la ilé kíráńkì sí méjì. Síìlì ti le bí àfọ́kù igbá, èékánná ni bàbá fi ṣẹ́ ẹ. Ọmọ tí ń ta páàtì ní Gate, ní Ìbàdàn, kò mọ Fẹ́sípà, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ òde, àti sísanra. Bíléèdì ni bàbá fi ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, kò jẹ́ kí n lo fáìlì, nítorí ojú irin tí a bá ti ha lára yóò tún jò. Ó tẹ́ pépà sórí irin náà, ó fi òòlù kékeré kàn án wẹ́wẹ́ yí ká títí etí irin fi gé e. Ó fi ọ́ìlì pa ètè síìlì kí ó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì pààrọ̀ wáṣà ìdí nọ́ọ̀tì.

Lẹ́yìn oṣù kan mo gbe agolo sí i lẹ́ẹ̀kan sí i: ọ́ìlì pé. Mo tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá, pẹ̀lú àmì ohùn gbogbo: "Kò jò, kò jó mọ́." Fóònù rẹ̀ ti pẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn kò hàn sí i. Ó pè mí.

"Ọmọ Tíṣà, kí ni o fi sínú àpótí kékeré tí ó wà ní ìparí yìí?"