Àwo Kejì Ẹgbẹ́ BLO

Bí ìlù bá yí padà, ijó náà á yí padà. Òwe yìí ni mo fi lóye àwo orin kan tí mo rí nínú àpótí bàbá mi ní Ìtamága, ní Ìkòròdú. Ọjọ́ yẹn, a ń palẹ̀ yàrá kan mọ́, ẹni tó ń fi ọmọlanke ra àlòkù sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi fa àwo kan yọ, wọ́n ní, "Èyí ò lọ síbì kankan." Phase II ni àkọlé rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣebí àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà ni gbogbo ayé ń yìn. Wọ́n ní kí n lọ wádìí.

Orúkọ àwọn mẹ́ta ló para pọ̀ di BLO: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Laolu Akins tó ń lu ìlù, àti Mike Odumosu tó ń ta báàsì. Ogun abẹ́lé parí ní 1970, owó epo rọ̀bì ń wọlé, àwọn ọ̀dọ́ Èkó sì ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì tó le koko láti ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Jones àti Akins tilẹ̀ ti bá Ginger Baker, onílù ará ìlú Ọba, ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt.

Ní 1973, EMI gbé Chapter One jáde. Gìtá inú rẹ̀ ń ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ṣùgbọ́n orin jùjú Ebenezer Obey àti Sunny Adé ni wọ́n ń lù níbi ìnáwó nígbà náà. Ẹni tó bá ń fi orin jẹun gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ oníjó wà.

Ní 1975, wọ́n gbé Phase II jáde lábẹ́ Afrodisia, ẹ̀ka Decca. Gìtá ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ńkì ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan lè pe èyí ní ìfàsẹ́yìn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Akins yìí kan náà ló wà nídìí ìgbàsílẹ̀ Ace, àwo Shina Peters tó mì ìlú tìtì ní 1989. Lójú tèmi, ọgbọ́n pípa orin líle pọ̀ mọ́ ijó tó hàn nínú Phase II kò ṣòfò.

Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ló kó orin BLO jọ sínú àwo kan, ìyẹn ni pé àwọn ará òkèèrè ń tọ́jú ohun tí àwa fẹ́ kó fún ọmọlanke.

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ti ìkejì ni mo jó."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ yẹ àpótí ilé yín wò kí ọmọlanke tó dé.