Ṣíṣe Ẹ̀dà Iṣẹ́ Ọnà Ààfin Ògògà fún Ọdún Àṣà

Ẹ̀dà ohun ìtàn ni iṣẹ́ tí a ṣe kí ó lè jọ ti àtijọ́ ní ìrísí àti ní ìwọ̀n. Ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, iṣẹ́ ọnà ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ yẹ fún irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ojúlówó tí ó sọ ọ́ di olókìkí ti kúrò nílé.

Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ wọn. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí i sí, Ìsẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1938. Lára ìlẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́, Ògògà àti àwọn ayaba ń gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní àlejò. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà mọ́. Ògògà gba ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀, ìlẹ̀kùn sì di ti British Museum. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà wà ní Chicago, ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tí yóò ṣe ẹ̀dà ní láti kíyè sí nǹkan mẹ́rin:

1. Àṣẹ: Ààfin ni kí a kọ́kọ́ lọ. Ohun ọba kì í ṣe ohun tí a ń dá ṣe.
2. Ìwọ̀n: Òpó tí ó wà ní Chicago ga tó 152.5 sẹ̀ǹtímítà.
3. Ọnà: Ère inú ìlẹ̀kùn yọ síta gan-an, àwòrán orí pákó pẹlẹbẹ kò lè rọ́pò rẹ̀. Lára òpó, ayaba tí ó dúró lẹ́yìn ọba ga ju ọba lọ. Kí agbẹ́gilére má ṣe rò pé àṣìṣe ni, kí ó sì tún un ṣe.
4. Àmì: Kí a gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀dà" àti ọdún tí a ṣe é sí ara rẹ̀. Òfin ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Àmì yìí ni kò ní jẹ́ kí a ta ẹ̀dà bí ojúlówó.

Ẹ̀dà kò lè di ojúlówó, ṣùgbọ́n òun ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrẹ́ lè fi ojú ara wọn rí láìwọ ọkọ̀ òfuurufú. A rọ ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ìtàn ààfin náà pé kí ẹ sọ ọ́ fún àwọn agbẹ́gilére nígbà tí ẹnu yín ṣì lè ròyìn.