Obìnrin Tí Ó Tú Pákó Kúrò Lẹ́sẹ̀ Ọmọdé

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bóyá ẹ mọ àgbàlagbà kan tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti sọ di arọ láti kékeré. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni ẹ̀rù àrùn yìí ń bà. Bí ó bá mú ọmọdé, ọ̀pọ̀ oníṣègùn a fi pákó tàbí irin di ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ẹsẹ̀ náà má baà wọ́. Nígbà tí wọ́n bá tú u, iṣan a ti rù, oríkèé a sì ti le.

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni a bí Elizabeth Kenny ní ọdún 1880. Kò gba ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì rí. Ẹṣin ni ó ń gùn láti oko dé oko lọ tọ́jú aláìsàn. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ní ọdún 1911 òun bá ọmọbìnrin kékeré kan nínú ìrora, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò. Òun tẹ wáyà sí Dókítà McDonnell ní ìlú Toowoomba. Èsì tí ó padà wá ni pé àrùn náà kò ní oògùn, kí òun sáà tọ́jú ohun tí òun bá fojú rí lára ọmọ náà.

Kí ni ó rí? Iṣan tí ó le gbagidi, tí ó sì ń ro ọmọ náà gidigidi. Ó fa aṣọ onírun àgùntàn ya, ó rì í sínú omi gbígbóná, ó fún un gbẹ, ó sì fi wé ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí ìrora rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùúrù kọ́ ọmọ náà bí yóò ti tún máa gbé ẹsẹ̀.

Ní ọdún 1938, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ní Queensland bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé aláìmọ̀kan ni gbogbo wọn. Kenny le, ẹnu rẹ̀ mú, a sì máa ṣèlérí ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ní inú iṣan ni àrùn náà wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó ti ń ba ohun tí ń darí iṣan jẹ́. Àlàyé rẹ̀ kò tọ̀nà, síbẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ń mú ara tu àwọn ọmọ náà.

Ní ọdún 1940 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà kan ní Minneapolis gbà kí ó ṣe é lójú wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n sì tú pákó. Ní ọdún 1942 a ṣí ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀ ní orúkọ rẹ̀.

Ó kú ní Toowoomba ní ọdún 1952, ọdún mẹ́ta kí abẹ́rẹ́ àjẹsára Jonas Salk tó jáde.